Ṣíbí Àkọ́kọ́ fún Alága

                                                  Yàrá Ìyẹ́fun,
                                                  Ẹ̀yìn Békìrì Màmá,
                                                  Òdìkejì Ilé Ìwòsàn.
                                                  Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín-ẹ̀yẹ,

O kú ewu ọmọ o! O kú ìtọ́jú, o kú àìsùn, o kú aṣọ fífọ̀. Mo mọ̀ pé a ti jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ tí o bímọ, ṣùgbọ́n ariwo tó wà lọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí n gbọ́ ju “Ọlọ́run ṣeun” lọ. Ara ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti ń gbà ọ́ láyè láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń sùn fọnfọn tí ọmọ bá ń ké, àbí etí rẹ̀ ti là báyìí? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn kò dà wọ́n láàmú púpọ̀? Bá mi kí wọn dáadáa. Sọ fún wọn pé mi ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe máa ń lé èmi àtìwọ kúrò nílé ìdáná nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a óò sì gba ojú fèrèsé wọlé padà. Ìkókó náà ńkọ́? Fi ètè kan iwájú orí rẹ̀ fún mi, kí o sì sọ fún un pé ó ní ìyá kejì kan tó jẹ́ aláròyé.

Ní tiwa, a wà, a sì ń dúpẹ́. Ọkọ mi, Bàbá Alága, wà nídìí ààrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, èyí tí mo sọ ní Opẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà tí mo wọ ilé yìí, ṣì ń ta búrẹ́dì níwájú, ó sì ń bá gbogbo oníbàárà ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìyá ọkọ mi, Màmá, ń bẹ nínú agbára wọn, àfi ọwọ́ wọn méjèèjì tó ń ro wọ́n, tí oríkèé ìka sì wú. Ọmọ wa, Alága fúnra rẹ̀, ti ń jókòó. O kò tíì rí i láti ìgbà tí a ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Orí rẹ̀ pá, ó máa ń fajú ro, tí a bá sì gbé e jókòó láàárín ìrọ̀rí, á máa wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan bíi pé a pẹ́ dé ìpàdé. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ pè é ní Alága, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. O ní ọmọ rẹ kò tíì ju oṣù méjì lọ, àwọn ènìyàn sì ti ń bi ọ́ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. O ní ìyá rẹ ń sọ tiwọn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ń sọ tirẹ̀, o sì fẹ́ kí èmi tí mo ti gba ojú ọ̀nà náà kọjá wá sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ìdáhùn tí nọ́ọ̀sì fún mi kò gùn rárá, mo lè fi ìlà méjì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi ìlà méjì kọ ọ́ fún ọ, irọ́ ni mo pa fún ọ, mo sì ti pa irọ́ tó láìpẹ́ yìí. Nítorí náà, gbé ọmọ sí ọmú kí o máa kà á lọ. Tí o bá rí ìyẹ́fun lára ìwé náà, gbọ̀n ọ́n dànù. Orí àpò ìyẹ́fun ni mo jókòó lé kọ ọ́.

O mọ̀ pé ilé oníbúrẹ́dì ni mo fẹ́ sí, ṣùgbọ́n o kò tíì mọ bí ilé náà ṣe rí. Iwájú ni a ti ń tà. Àárín ni tábìlì gígùn wà, ibẹ̀ ni a ti ń gé ìyẹ́fun tí a ti pò, tí a ń wọ̀n ọ́n, tí a ń yí i, tí a sì ń tò ó sínú páànù. Lẹ́yìn tábìlì ni ààrò wà, níbi tí ọkọ mi ti ń yan. Iṣẹ́ tèmi ni tábìlì. Láti ìgbà tí ọwọ́ ti ń ro Màmá ni wọ́n ti kó o lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ẹni tó mọ ìyẹ́fun yí bí ìyàwó àwọn. Inú mi máa ń dùn sí i nígbà yẹn. Mi ò mọ̀ pé okùn ni ìyìn náà, òun ni wọ́n fi so mí mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Láti ìdájí títí oòrùn yóò fi kúrò lójú fèrèsé, mi ò lè kúrò nídìí rẹ̀. Ìyẹ́fun tó bá ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí o bá pẹ́, á wú kọjá, á sì tẹ́, búrẹ́dì náà yóò kan. Ìdí nìyí tí gbogbo ilé yìí fi máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹnì kan ń lé wọn.

Wàyí o, ìdílé yìí ní àṣà kan tí mi ò rí níbòmíràn. Búrẹ́dì ni ọmọ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Wọn á mú èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú ààrò láàárọ̀, wọn á bó èèpo rẹ̀ kúrò, wọn á rẹ inú rẹ̀ sínú wàrà lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyá ọkọ ni yóò sì fi ṣíbí bù ú sẹ́nu ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Opẹ́lẹ́ńgẹ́. Oṣù kẹta ni wọ́n máa ń ṣe é. Màmá ní búrẹ́dì kò gbọdọ̀ ṣe ọmọ oníbúrẹ́dì ní àjèjì. Nígbà tí mo wà nínú oyún, ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi, mo tilẹ̀ rò ó pé ọjọ́ ayọ̀ ni yóò jẹ́.

Ọjọ́ náà dé kí n tó mọ̀ pé ó ti dé. Mo wà nídìí tábìlì, ìyẹ́fun dé ìgúnpá, mo gbọ́ tí Alága ń wúkọ́. Kì í ṣe ikọ́ tí ọmọ máa ń wú lásán. Mo sáré wọnú ilé tọwọ́tọwọ́. Mo bá Màmá tí wọ́n gbé e sórí itan, àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọrùn ọmọ ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ahọ́n rẹ̀ ń ti búrẹ́dì náà jáde, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo já a gbà. Mo tún sọ ohun tí ìyàwó kì í sọ fún ìyá ọkọ. Mo ní, “Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?” Opẹ́lẹ́ńgẹ́ pàápàá gbàgbé ẹ̀fẹ̀ rẹ̀.

Mo fi aṣọ iṣẹ́ sọdá títì lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́ nílé ìwòsàn. Obìnrin tó dàgbà ni, ó sì máa ń wo ènìyàn láti òkè gíláàsì rẹ̀. Ó yẹ ọ̀fun ọmọ wò, ó ní kò sí ewu. Lẹ́yìn náà ló bá mi sọdá wá sí békìrì. Ó ṣàlàyé fún Màmá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ọmọ tí kò tíì lè gbé ọrùn rẹ̀ dúró kò tíì tó oúnjẹ í jẹ, pé ahọ́n tó ń ti nǹkan jáde yẹn ni Ọlọ́run fi ṣọ́ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, àti pé ọmú nìkan ti tó o títí di nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ó ní kí a má fún un lómi pàápàá. Màmá gbọ́ ọ parí. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún aṣọ funfun. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ọmú náà ni. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ò jìnnà.”

Mo rò pé mo ti borí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ìgbé ayé mi ti dùn. Nígbàkigbà tí Alága bá ké, Opẹ́lẹ́ńgẹ́ á pariwo láti iwájú pé, “Ìyàwó wa o, Alága ń pe ìpàdé!” Màmá pàápàá kò lè sọ pé kí n má lọ, nítorí nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀. Màá fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá, màá gbé ọmọ mi, màá wọ yàrá ìyẹ́fun yìí, màá sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé yàrá yìí fún ọ. Kò ju àpò ìyẹ́fun tí a tò dé òkè, fèrèsé kékeré kan, àti ìkòkò omi lọ. Ó tutù. Ooru ààrò kì í débẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í pè mí, torí tí wọ́n bá pè mí, ọmọ yóò jí. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rántí pé mo ní orúkọ kan kí n tó di ìyàwó ilé yìí. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé tí o kọ sí mi nígbà tí o lóyún. Tí Alága bá mu ọmú yó, tó sùn, màá tún jókòó díẹ̀ sí i, màá máa wo ẹnu rẹ̀ tó ń mu ọmú lójú àlá. Tí Màmá bá bèèrè, màá ní kò tíì yó.

Wò ó, ọmọ mi ń mu ọmú, èmi náà ń mí. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Oṣù kẹfà wá pé. Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ ka èyí, torí òun ni o bèèrè. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi ní ohun tí màá máa wò lára ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni mo sì rí. Alága lè jókòó tí a bá fi ọwọ́ tì í lẹ́yìn díẹ̀. Ọrùn rẹ̀ dúró ṣinṣin. Tí ẹnikẹ́ni bá ń jẹun, á máa fi ojú tẹ̀ lé ọwọ́ onítọ̀hún láti inú àwo dé ẹnu, òun náà á sì la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Ó já èèpo búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ Opẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹnu ló gbé e sí tààrà, ọpẹ́lọpẹ́ àǹtí rẹ̀ tó tètè yọ ọ́. Ahọ́n rẹ̀ kò ti nǹkan jáde mọ́. Ó tún ń mu ọmú tán kó máa ké, kó máa wá òmíràn. Ọmọ náà ti ṣe tán, kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n sọ fún un.

Màmá ní, “Ìyàwó, oṣù kẹfà pé o.” Mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń dáhùn pé, “Nọ́ọ̀sì ní ká ṣì mú sùúrù díẹ̀ sí i, Màmá.”

Nọ́ọ̀sì kò sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò tilẹ̀ rí nọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ náà. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tó fi jáde. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí Alága bá ti lè jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn yàrá yìí máa tì, tí èmi yóò sì wà níta. Ọmú nìkan ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè bá mi ṣe nínú ilé yìí. Ṣíbí, ta ni kò lè mú ṣíbí?

Mo sọ ọ́ fún Bàbá Alága, kì í ṣe irọ́ náà o, ọ̀rọ̀ yàrá yìí ni mo sọ. Mo ní ó rẹ̀ mí. Mo ní ṣé a ò lè wá ẹnì kan sídìí tábìlì kí n lè máa fi àárọ̀ tọ́jú ọmọ mi. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ààrò ti jó láìmọye ìgbà. Ó ní ta ni Màmá fẹ́ gbà láyè nídìí tábìlì àwọn lẹ́yìn mi? Ó ní kí n ṣe ohun tó bá tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí Màmá bínú. Ìyẹn ni pé kí n rìn kí n má gbé ẹsẹ̀. Mi ò bínú sí i púpọ̀. Àárín ìyá àti ìyàwó ló wà. Adìẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sún un síwájú. “Nọ́ọ̀sì ní ká mú sùúrù.” Màmá gbà mí gbọ́, torí èmi kan náà ni mo ti fi nọ́ọ̀sì ṣẹ́gun wọn rí. Alága ń ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì ń sọ pé eyín ló fẹ́ yọ. Ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá gbé e tí mo rí i pé kò wúwo bó ṣe yẹ. Màá wọ yàrá, màá ti ilẹ̀kùn, màá jókòó, ìtura náà á dé bó ṣe máa ń dé, lẹ́yìn náà ojú á tì mí.

Ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ dé. Màmá ní àwọn máa bá mi lọ, torí àwọn fẹ́ fi etí ara àwọn gbọ́ sùúrù tí nọ́ọ̀sì ń sọ yìí. Kí ni màá sọ? A jọ sọdá títì. Nọ́ọ̀sì gbé Alága sórí òṣùwọ̀n, ó wo ojú rẹ̀, ó sì tún un gbé. Ọwọ́ òṣùwọ̀n kò kúrò níbi tó wà lóṣù tó kọjá.

Ó bi mí pé kí ni ọmọ ń jẹ. Mo ní ọmú. Ó ní, “Ọmú nìkan? Títí di ìsinsìnyí?” Ó na bírò rẹ̀ sí Alága. Alága já a gbà, ó sì gbé e sẹ́nu kíákíá, ó ń jẹ ìdérí rẹ̀ bíi pé wọ́n ti fi ìpàdé jẹ ẹ́ níyà. Nọ́ọ̀sì gba bírò rẹ̀ padà. Ó wò mí láti òkè gíláàsì, ó ní, “Ìyá ọmọ, ọmọ yìí ti ń sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí. Kí lo ń dúró dè?”

Mi ò gbójú sókè, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Màmá ń wò mí.

Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Ó jókòó tì wá, ó sì ṣàlàyé pé láti nǹkan bí oṣù kẹfà, ọmú ṣì dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó mọ́, pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń fẹ́ ohun tí kò pọ̀ nínú ọmú. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ rírọ̀ tí a gún kúnná, ṣíbí kan tàbí méjì lákọ̀ọ́kọ́, kí ọmọ jókòó dáadáa, kí ẹ má fi ipá ṣe é, tó bá sì yí ojú kúrò kí ẹ fi í sílẹ̀. Kí n má fi iyọ̀ tàbí ṣúgà sí i. Kí oyin má kan ẹnu rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún kan, èyí ni kí o rántí jù, torí ìwọ àti oyin kì í ṣe ọ̀tá. Lẹ́yìn náà kí n máa fi ẹ̀wà, ẹyin tó jinná, àti ẹran tí a lọ̀ kún un. Ó ní ọmú kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró, pé oúnjẹ kò gbapò ọmú. Mo di gbólóhùn yẹn mú bí ẹni tó ń rì sómi. Mo wo Màmá bóyá wọ́n gbọ́ ọ.

Láti ilé ìwòsàn dé ilé wa kò ju kí ènìyàn sọdá títì lọ, ṣùgbọ́n mi ò rin ọ̀nà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń retí pé kí Màmá bú mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ara ì bá tù mí. Nígbà tí a délé, wọ́n lọ sílé ìdáná, wọ́n mú ọ̀dùnkún méjì wá, wọ́n gbé e sí iwájú mi, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọn ò tilẹ̀ dárúkọ búrẹ́dì.

Mo sè é, mo gún un títí ó fi kúnná, mo fún ọmú díẹ̀ sí i kó lè ṣàn. Èmi ni mo mú ṣíbí lọ́jọ́ náà. Alága kọ́kọ́ fajú ro. Ó yí i lẹ́nu, ìdajì rẹ̀ ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e mì, ó wo ṣíbí náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ fi oníbàárà sílẹ̀ wá wò ó. Bàbá Alága fi ààrò sílẹ̀, ìyẹ́fun lójú, ìyẹ́fun ní ìpéǹpéjú, ó ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Gbogbo búrẹ́dì tó wà nínú ààrò lásìkò náà ló jó, èéfín gba ilé kan, kò sì sí ẹni tó bínú. Inú mi dùn, ọ̀rẹ́ mi. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé inú mi dùn. Ọmọ mi jẹun, ó sùn, kò sì ké. Mo sunkún nítorí bí ebi ṣe ń pa á tó, tí mo mọ̀, tí mo sì ń ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá wá sí yàrá wa. Wọ́n tú Alága lẹ́yìn mi, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n sì na aṣọ iṣẹ́ sí mi. Mo gba aṣọ náà. Kí ni màá ṣe? Mo lọ sídìí tábìlì, mo gé, mo wọ̀n, mo yí. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ń bá àwọn oníbàárà ṣeré níwájú. Mo ń retí kó pariwo orúkọ mi. Oòrùn gun ojú fèrèsé, kò pè mí. Ọmú mi kún, ó le, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ó wá ń ṣàn, ó rin aṣọ iṣẹ́ láti àyà dé ìgbànú. Ọwọ́ mi kò dáwọ́ dúró lórí ìyẹ́fun. Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo fọ ọwọ́, mo lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan pè mí.

Mo bá wọn nínú ilé. Alága wà lórí itan Màmá, ẹnu rẹ̀ pọ́n fún ọ̀dùnkún. Màmá ní, “Ó ti yó.” Mo ní nọ́ọ̀sì ní kí ọmú má dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, “Èyí tí nọ́ọ̀sì sọ ní tòótọ́ ni, àbí èyí tí ìwọ sọ?”

Ṣùgbọ́n kò sí ìbínú lójú wọn. Wọ́n nu ẹnu ọmọ náà pẹ̀lú ìka wọn tó wú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀rọ̀, wọn kò sì wò mí bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọ́n ní, “Mo mọ ohun tó mú ọ parọ́. Ìyá ọkọ mi ló fi oúnjẹ àkọ́kọ́ sẹ́nu gbogbo ọmọ tí mo bí. Ìdí tábìlì yẹn ni mo wà. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibẹ̀. Mi ò fún ọ̀kan nínú wọn lóúnjẹ rí, àfi ìgbà tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn jẹun. Mo sọ fún ara mi pé tó bá kàn mí, èmi náà á mú ṣíbí.” Wọ́n wá gbé ojú sókè. “Ó ti kàn mí báyìí. Ṣé o fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi?”

Mo wo ọwọ́ náà. Kò lè yí ìyẹ́fun mọ́, ṣùgbọ́n ó lè mú ṣíbí. Alága la ẹnu sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n bá mi jà ni, màá mọ ohun tí màá ṣe. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mo ní, “Rárá, Màmá.” Wọ́n jẹ́ kí n fún un lọ́mú díẹ̀, lójú wọn, lórí ìjókòó ilé. Lẹ́yìn náà mo padà sídìí tábìlì, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ mi láti ibẹ̀.

Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan báyìí. Ọwọ́ òṣùwọ̀n ti gòkè, nọ́ọ̀sì yìn wá, Màmá àti èmi. Alága ti ń jẹ ẹyin. Gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ, èmi ni mi ò mọ ibi tí màá gbé ara mi sí. Bàbá Alága ní mo ti ń dákẹ́ jù. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ọjọ́ Àìkú tí Màmá gbé e lọ kí àwọn ará wọn ni mo fi rí àyè kọ èyí.

Nítorí náà, ìlà méjì tí o bèèrè rèé. Fún un ní ọmú nìkan títí di nǹkan bí oṣù kẹfà, má gbọ́ ti ẹni tó ní oṣù kẹta. Nígbà tí o bá sì rí i tó ń jókòó, tí ọrùn rẹ̀ dúró, tó ń la ẹnu sí oúnjẹ rẹ, bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, má ṣe dúró de nǹkan kan bí mo ti dúró. Tí ara rẹ̀ bá ń ṣe é bákan, gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kí o sì sọ òtítọ́ fún un. Ìyẹn ni ti ọmọ. Ní tìrẹ, ọ̀rẹ́ mi, o kò bi mí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́: ní báyìí tó ṣì jẹ́ pé ọmú nìkan ló ń mu, jókòó ti ọkọ rẹ àti ìyá rẹ, kí ẹ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò máa mú ṣíbí, àti ibi tí ìwọ yóò wà nígbà tí ọmọ rẹ bá ń jẹun. Sọ ọ́ kí ọmọ tó la ẹnu. Tó bá ti la ẹnu tán, kò sí ẹni tó máa gbọ́ tìrẹ mọ́, ìwọ pàápàá kò ní gbọ́ ọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì ta á jí tí ọmọ bá ń ké. Bá mi kí ìyá rẹ títí. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kí n kí ọ, ó ní ẹ̀rín rẹ ṣì ń dún létí òun. Màmá náà kí ọ. Wọ́n ní tí o bá lè gbé ọmọ wá, àwọn á fún un ní búrẹ́dì àkọ́kọ́ àárọ̀. Má wá kó tó pé oṣù mẹ́fà o.

Kọ̀wé sí mi láìpẹ́. Sọ fún mi bí ojú ọmọ náà ṣe rí lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ wò, kí o sì rí i pé ìwọ fúnra rẹ lo rí i.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ìyẹ́fun kò tíì bò mọ́lẹ̀ tán,

Ìyá Alága.